Adágún Tó Gbààwẹ̀

Iṣẹ́ ni ìyáálé mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ òmíràn. Mùkáílà ọkọ mi ti fẹ́ iṣẹ́ kó tó fẹ́ èmi Sàlámọ̀tù, ọ̀dọ̀ iṣẹ́ náà ló sì máa ń wà bí mo bá wá a tì. Bí mo bá bínú, mo máa ń pè é ní bàbá oníṣẹ́. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bí n kò bá ṣiṣẹ́, kí ni n óò fi bọ́ ẹ?" Ẹ gbọ́ o! Bẹ́ẹ̀ èmi ni mò ń bọ́ ara mi. Dòdò Ìkirè ni mò ń ṣe, àwọn èrò ọkọ̀ tó ń lọ sí Gbọ̀ngán àti Ifẹ̀ ló ń rà á lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tó jẹ dòdò mi tí kò ní béèrè ibi tí mo máa ń jókòó sí nígbà tó bá ń padà bọ̀.

Ilé-iṣẹ́ tí ọkọ mi ń lọ wà láàárín Ìkirè àti Àpòmù, níbi tí oko kòkó ti pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Aṣọ ni wọ́n ń pa láró níbẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń ṣe é, kì í ṣe inú ìkòkò bíi ti àwọn ìyá wa. Omi tí wọ́n bá fi pa aṣọ láró tán, odò kékeré tó ń ṣàn lọ sí Àpòmù ni wọ́n ń dà á sí. Bí wọ́n bá pa aṣọ pupa lónìí, odò á pupa. Bí wọ́n bá pa dúdú lọ́la, odò á dúdú. Àwọn ará Àpòmù pariwo títí ohùn fi há wọn lọ́fun. Nàfísátù ọmọ mi, tó wà nílé ọkọ ní Àpòmù, fi omi náà fọ ìlédìí ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìlédìí funfun bá di àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ẹkún ló sun wá bá mi.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ gba ẹnjiníà kan. Dúrótìmí ni wọ́n ń pè é, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kò tíì ní ìyàwó. Ó ní kí wọ́n mọ adágún oníṣìmẹ́ńtì ńlá kan sí ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́, pé gbogbo gọ́tà inú ọgbà náà, ibẹ̀ ni kí ó máa já sí, kí omi tó lọ sódò. Ó wá lọ bu ẹrẹ̀ dúdú níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù n'Íkirè, ó dà á sínú adágún. Ó ní àwọn ẹ̀dá kan wà nínú ẹrẹ̀ náà, wọ́n kéré débi pé ojú ò lè rí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń mí, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bímọ. Aró inú omi ni òun fẹ́ kọ́ wọn láti máa jẹ. Nígbà tí ọkọ mi sọ ọ́ fún mi, mo ní kí Ọlọ́run má fi irú ebi bẹ́ẹ̀ pa mí. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́ o! Oṣù méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, omi tó wọlé ní àwọ̀ osùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí omi òjò.

Ọkọ mi ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú adágún. Àwọn ẹ̀dá yẹn ń fẹ́ atẹ́gùn. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fẹ́ ẹ sí wọn, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ Nẹ́pà? Bí iná bá ti lọ, ọkọ mi á gbé igi gígùn kan tí mo máa ń pè ní ọmọrogùn rẹ̀, á máa ro omi náà. Á yí i sọ́tùn-ún, á tún yí i sọ́tùn-ún, á dúró, á wúkọ́, á gbá ọmọrogùn mọ́ etí adágún kí ẹrẹ̀ ara rẹ̀ lè já bọ́, kọ́-ọ̀-kọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá kírun Alásàrì tán, á da omi ògì kíkan fún wọn, nítorí Dúrótìmí ní aró nìkan ò lè yó wọn. Ọ̀sán Jímọ̀ nìkan ni kì í fọwọ́ kan adágún. Mọ́sáláṣí ló ń lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ló kú, lọ́dún tó ṣáájú ọdún tí wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Kò ṣàìsàn. Ikọ́ ọyẹ́ lásán ló ń ṣe é. Ó ń ro adágún lọ́sàn-án, ó fi ọmọrogùn ti ògiri, ó jókòó jẹ́ẹ́, kò sì dìde mọ́. Gàrúbà, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló sáré wá pè mí nídìí agbada. Háà! Dòdò jó di èédú lọ́jọ́ náà, epo gbiná, èmi ò tilẹ̀ mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Álífá Sùlè, ló ṣètò ìsìnkú. Kànga ilé wa ti gbẹ, bí o bá fa omi, iyanrìn lo máa fà. Omi ẹ̀rọ sì wà rẹpẹtẹ ní ilé-iṣẹ́. Álífá ní kí wọ́n wẹ òkú níbẹ̀, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n wẹ̀ ẹ́ lórí pèpéle tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Èmi wà nílé láàárín àwọn obìnrin. Wọ́n wá sọ fún mi pé gbogbo nǹkan lọ bó ṣe yẹ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

A ti ṣe fídáù tán nígbà tí Gàrúbà wá kí mi. Mo fún un lómi, kò mu ún. Ojú rẹ̀ ń sá kiri.

Mo ní, "Gàrúbà, kí ló dé tí o ń wò bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò?"

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Bàbá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Bàbá wo?"

"Bàbá Nàfísátù ni mo wí."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí. Mo ní kó dìde nílé mi, pé a kì í fi òkú ṣeré. Ni ọkùnrin onírùngbọ̀n yìí bá bú sẹ́kún. Ó ní iná lọ lánàá, òun ń bọ̀ wá ro adágún, ṣùgbọ́n kí òun tó dé ibẹ̀, omi ti ń yí fúnra rẹ̀. Ó ní ọmọrogùn wà lára ògiri níbi tí òun gbé e kọ́ láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, pé ó gbẹ bí igi ìdáná.

Opó ni mo wà nígbà náà. Álífá Sùlè ní opó kì í rìn kiri. Mo ní opó kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, àti pé Ọlọ́run tó ní kí n jókòó mọ̀ pé òun dá ẹsẹ̀ mọ́ mi. Mo fi ìborùn bo orí, ó di ilé-iṣẹ́.

Mo bá Dúrótìmí létí adágún, ó ń bu omi sínú ìgò, ó ń gbé e sókè wò. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Iná ti lọ, ẹ̀rọ ti dákẹ́. Omi náà tẹ́ rọ́rọ́ bí epo inú agbada tí wọn ò tíì dáná sí. Mo ní nínú ara mi pé Gàrúbà á gbọ́ tèmi lónìí. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí ìpè ìrun Alásàrì fi dún láti ọ̀nà Ìkirè. Wọ́n pè é tán. Ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè kírun kọjá. Omi náà wá mira. Ó yí sọ́tùn-ún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó tún yí sọ́tùn-ún. Ó dúró. Nǹkan kan hó láti ìsàlẹ̀, ó bẹ́ lójú omi bí ìgbà tí ènìyàn bá wúkọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ ní etí adágún, níbi tí ẹnikẹ́ni kò dúró sí: kọ́-ọ̀-kọ́.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìró yẹn ló fa omi lójú mi. Òórùn ni. Òórùn Róbù ń ti inú ìfófó náà jáde, Róbù tí mo máa ń fi pa àyà ọkọ mi nítorí ikọ́. Àárọ̀ ọjọ́ tó kú gan-an, mo fi pa á láyà.

Dúrótìmí ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń ti inú ẹrẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá jẹun, bí wọ́n ṣe máa ń mí nìyẹn."

Mo ní, "Ṣé afẹ́fẹ́ náà ló fi Róbù para?"

Òun náà ń gbọ́ òórùn ọ̀hún, mo rí i bí imú rẹ̀ ṣe ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Inú mi dùn! Ta ni kò fẹ́ gbọ́ ikọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i? Mo ń lọ síbẹ̀ bí mo bá ti tajà tán, mo ń jókòó létí adágún, mo ń ròyìn ilé fún un. Mo sọ fún un pé ọmọ Nàfísátù ti ń rá, pé òrùlé wa ń jò, pé aládùúgbò wa tó yá àkàbà wa kò dá a padà. Omi á máa yí, èmi á máa sọ̀rọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kò gba ẹ̀yìn ilé kọjá mọ́. Wọ́n ní orí opó náà ti dàrú.

Ìgbà tó yá ni inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Mo kíyè sí i pé kì í ṣíwọ́. Tẹ́lẹ̀, bí iná bá lọ nìkan ni ọkọ mi máa ń ro adágún. Nísinsìnyí, iná ń bẹ o, iná ò sí o, omi ń yí. Gàrúbà ní bí òun bá dé láàárọ̀, ó ń yí. Bí òun bá ń lọ sílé, ó ń yí. Nígbà ayé rẹ̀, bó ti wù kó fẹ́ràn iṣẹ́ tó, á ṣíwọ́ ṣáá, á wálé, á bọ́ bàtà, á ní kí n fún òun lómi. Níbi tó wà yìí, ta ni yóò sọ fún un pé ilẹ̀ ti ṣú? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí òtútù. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ Ọlọ́run fún: kí ọkọ mi sinmi.

Dúrótìmí fúnra rẹ̀ ti ń rí nǹkan tí kò lè ṣàlàyé. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní adágún náà ń jẹ aró ju ti àtijọ́ lọ, ó ń jẹ ẹ́ kíákíá, omi tó ń jáde mọ́ ju omi ẹ̀rọ lọ. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán Jímọ̀, kì í jẹ nǹkan kan. Àwọ̀ tó bá wọlé á wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi kírun tán. Ó ní òun ti ka ìwé òun tán, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kòkòrò ń ṣe Jímọ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀ jálẹ̀.

Oṣù ààwẹ̀ wá dé.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n da omi aró aláwọ̀ elésè-àlùkò wọ inú adágún láàárọ̀. Títí di ọ̀sán, elésè-àlùkò ni. Gàrúbà da omi ògì sí i, ògì náà léfòó, ó lẹ̀ mọ́ ojú omi, kò sí ohun tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n tan ẹ̀rọ atẹ́gùn, ó fẹ́ títí, òfo. Omi ò yí. Omi ò wúkọ́. Dúrótìmí ní àwọn ẹ̀dá náà ti kú. Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì láàárọ̀, gbogbo omi náà ti mọ́ gaara, ògì ti tán pátápátá. Wọ́n tún da aró sí i, kò tún mọ́ títí ọjọ́ fi rọ̀. Máníjà gbọ́, ó fa ìbínú yọ. Ó ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ ààwẹ̀ adágún, pé kí omi sáà ti máa jáde ní funfun.

Èmi ní tèmi kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún mi. Mo gba ilé Álífá Sùlè lọ, mo ní, "Ẹ dìde, ẹ wá ṣínu lọ́dọ̀ àbúrò yín." Ó rò pé sàréè ni mò ń wí.

Gbogbo wa dúró létí adágún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: èmi, Álífá, Dúrótìmí àti Gàrúbà. Álífá mú ife omi rẹ̀ dání àti dàbínù díẹ̀ tí yóò fi ṣínu. Ó ń kùn pé èmi ló jẹ́ kí òun pàdánù sààfù iwájú ní mọ́sáláṣí. Omi adágún dúdú lọ níwájú wa, ògì ọ̀sán tẹ́ lójú rẹ̀ bí awọ. Oòrùn wọ̀. Ìpè Mọ̀gàríbì dún láti ọ̀nà jíjìn.

Ògì náà lọ sísàlẹ̀. Kò fọ́n ká, kò yí, ojú kan láàárín ni wọ́n ti fà á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ebi pa ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ebi ń pa òun. Bí Mùkáílà ṣe máa ń mu ògì ìṣínu nìyẹn, àwo á wà lẹ́nu rẹ̀, kò ní í gbé e kúrò àfi bó bá tán. Lẹ́yìn náà, ó wúkọ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yí sọ́tùn-ún. Òórùn Róbù gba gbogbo ibẹ̀ kan.

Ife bọ́ lọ́wọ́ Álífá Sùlè. "Subuhanalláhì," ló ń wí, "Subuhanalláhì." Dàbínù wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé e mì.

Ohun kan wá sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Álífá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ wa kòtò sí?"

"Kòtò wo, ìyàwó?"

"Kòtò omi ìwẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń wẹ òkú mùsùlùmí, ṣebí wọ́n á wa kòtò tí omi náà yóò wọ̀, wọ́n á sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Níbo lẹ wa tirẹ̀ sí?"

Álífá wo ilẹ̀. Gàrúbà ló fèsì. "Ìyá, ṣìmẹ́ńtì ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Gọ́tà wà lábẹ́ pèpéle. Wọ́n ní omi á bá gọ́tà lọ."

"Gọ́tà náà ńkọ́? Ibo ló ń lọ?"

Gbogbo wọn ń wo adágún.

Ẹ wò ó, mo ti bínú rí láyé mi, ṣùgbọ́n irú ti ọjọ́ yẹn kò ṣe é fẹnu sọ. Mo ní, "Ẹ wẹ ọkọ mi tán, ẹ wá bu omi rẹ̀ fún ohun tó ń jẹ gbogbo nǹkan tó bá wà nínú omi! Òógùn rẹ̀, Róbù rẹ̀, àárẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá! Ẹ̀yin gbé egungun lọ sí sàréè, ẹ fi ọkùnrin náà sílẹ̀ síbí kó máa ṣiṣẹ́ lọ!" Álífá Sùlè jókòó sórí ṣìmẹ́ńtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni. Ìgbà tó sunkún tó, ó ní ọ̀nà kan ló wà: omi tó yẹ kó wọlẹ̀, kó wọlẹ̀. Kí wọ́n gbẹ́ gbogbo ẹrẹ̀ adágún náà, kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ sàréè, kí wọ́n sin ín.

Dúrótìmí fò dìde. Ó ní kò ṣeé ṣe. Ẹrẹ̀ náà ni gbogbo iṣẹ́ òun. Bí wọ́n bá kó o dànù, àfi kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, máníjà ò sì ní í dúró de oṣù méjì, odò ló máa da aró sí. Ó wá kọjú sí mi. "Ìyá, àwọn ará Àpòmù ńkọ́? Ọmọ yín ń pọn omi níbẹ̀. Ọmọ ọmọ yín ń wẹ̀ níbẹ̀."

Ó mọ ibi tó ń gún. Ìlédìí aláwọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn padà sí mi lójú. Mo wo omi, ó ń yí, ó dúró, ó wúkọ́, ó tún ń yí. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Bí mo bá ní kó sinmi, omi pupa á bá ọmọ ọmọ mi. Bí mo bá ní kí omi mọ́, bàbá rẹ̀ àgbà ni yóò máa fọ̀ ọ́ títí ayé. Mo ní, "Wọn yóò ti ilé-iṣẹ́ fún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ká ṣe é nígbà náà. Kí wọ́n má sì pa aṣọ kankan láró títí ẹrẹ̀ tuntun yóò fi mọ aró í jẹ. Bí máníjà bá kọ̀, èmi á dúró sójú títì Ìkirè, n óò sọ ohun tó wà nínú adágún rẹ̀ fún gbogbo èrò ọkọ̀." Máníjà gbọ́, ó gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ tilẹ̀ ti ń sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

A sin ín lẹ́yìn Ìtúnu. Ọkọ̀ akóyanrìn ni wọ́n fi kó àwọn àgbá ẹrẹ̀ náà. Kòtò náà jìn, ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, ó rọ̀. Dúrótìmí wà níbẹ̀, ó ń wo ẹrẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń wọlẹ̀. Álífá Sùlè ṣe àdúà gígùn, ó tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, gbogbo wa ṣe àmín. Gàrúbà fi ọṣẹ fọ adágún títí ṣìmẹ́ńtì fi funfun. Mo padà sílé, mo sùn. Háà, mo sùn! Láti ìgbà ọyẹ́ n kò sùn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń lọ sí sàréè rẹ̀, mo máa ń sọ fún un pé, "Ẹ sùn ire o." Ilẹ̀ dákẹ́, mo sì mọ̀ pé ó ń sùn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Nígbà tí mo parí opó, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tuntun, mo di dòdò sínú ewé, mo gba ọ̀nà Àpòmù láti lọ wo ọmọ ọmọ mi. Ọkọ̀ já mi sí ẹ̀bá afárá. Mo wo odò náà. Omi mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí òkúta nísàlẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ ń sáré láàárín wọn. Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Mo ti ń lọ, ni ẹsẹ̀ mi bá kọ̀. Gàrúbà ti ra dòdò lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní àwọn ti padà sẹ́nu iṣẹ́, pé aṣọ pupa ni àwọn ń pa. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Ẹrẹ̀ màlúù tuntun ò lè tíì mọ aró í jẹ. Ta ló ń jẹ ẹ́?

Mo fẹsẹ̀ rìn padà sí ilé-iṣẹ́, dòdò wà lórí mi. Adágún ti kún. Ìpè ìrun Alásàrì dún. Mo dúró, mo fọwọ́ lé àyà, mò ń bẹ Ọlọ́run. Omi náà yí sọ́tùn-ún. Ó tún yí sọ́tùn-ún. Ó dúró, ó wúkọ́. Kọ́-ọ̀-kọ́.

Dúrótìmí jáde, ó rí mi, ó dojú bolẹ̀ gbalaja. "Ìyá, ẹ dárí jì mí. Kẹ́ẹ̀gì kan ni mo bù pamọ́ kí wọ́n tó kó o. Kékeré ni. Mo dà á mọ́ ẹrẹ̀ tuntun. Máníjà kò dúró de oṣù méjì, wọ́n fẹ́ máa da aró sódò, Ìyá, mi ò lè wò wọ́n níran."

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Mo ní, "Gbé ọkọ́ wá."

"Ìyá..."

"Mo ní kí o gbé ọkọ́ wá! Ká wa kòtò mìíràn. Bí o ò bá lè wa á, èmi á wa á."

Kò dìde. Ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kò sí níbí nìkan mọ́."

Ó ní àwọn kan wá láti ilé-iṣẹ́ aṣọ kan n'Íbàdàn, wọ́n bu kẹ́ẹ̀gì kan. Àwọn ará Ìkẹjà gbọ́, wọ́n bu tiwọn. Ọkọ̀ kan gbé e lọ sí Kàdúná. Àwọn tó gbà á sì ti bù ú fún ẹlòmíràn, òun ò mọ ibi tó dé mọ́. Gbogbo ibi tí wọ́n bá dà á sí ni omi ń mọ́ kíákíá. Gbogbo wọn ló ń dúpẹ́. Wọ́n ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí, pé kò mọ àárẹ̀.

Mo ro ọkọ mi ní Kàdúná, níbi tí kò dé rí láyé rẹ̀, nínú adágún tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èébú ni mo kó wá fún ọmọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló bọ́ lẹ́nu mi.

"Ṣé wọ́n ń jẹ́ kó ṣe Jímọ̀ níbẹ̀?"

Dúrótìmí kò gbé ojú sókè.

Kí ni n óò ṣe? Ilẹ̀ òfìfo ni mo ti ń lọ sọ fún pé kó sùn ire. Kò sùn. Kò ní í sùn mọ́, bó ti wù kí n wa kòtò tó. Mo sọ ẹrù dòdò kalẹ̀. Mo sún mọ́ etí adágún, mo kúnlẹ̀ lórí ṣìmẹ́ńtì, mo kí ọkọ mi bí a ṣe ń kí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá Nàfísátù."

Omi náà dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń yí lọ.